Bí A Bá Ń Lọ Sílé Ọdún, Ta Ni Yóò Bá Wa Tọ́jú Ẹran Ọ̀sìn?

Bí ọdún Iléyá bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, tàbí bí àwọn ọmọ ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn, àwọn ìdílé Yorùbá tí ń gbé Kugbo ní Àbújá a máa múra láti lọ sílé. Ẹni tí ń ṣe àga àti bẹ́ẹ̀dì ní ọjà àwọn káfíńtà yóò ti ìsọ̀ rẹ̀, mẹkáníìkì yóò palẹ̀ irin iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba yóò gba ààyè lẹ́nu iṣẹ́. Wọn yóò gba ọ̀nà Lọ́kọ́ja. Àwọn kan yóò yà sí Kàbà lọ sí Ìlọrin, àwọn mìíràn yóò gba Okene kọjá lọ sí Àkúrẹ́ àti Ìbàdàn. Ìrìnàjò ọjọ́ kan gbáko ni. A ti ra aṣọ ọdún, a ti di ẹrù, a ti fi owó ọkọ̀ pamọ́. Ṣùgbọ́n adìẹ tí ó wà lẹ́yìnkùlé ńkọ́? Ewúrẹ́ tí a so mọ́ ìdí mángòrò ńkọ́? Ológbò tí ń lé eku nínú ilé ìdáná ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé ẹnu géètì ni a ti ń rántí wọn, nígbà tí dẹ́rẹ́bà ti ń fun fèrè ọkọ̀. A ó wá ké sí aládùúgbò láti òkèèrè pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa fojú sí àwọn ẹran wa o." Aládùúgbò yóò ní, "Kò burú, ẹ máa lọ, Ọlọ́hun á ṣọ́ yín." Ó parí.

Gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kò tíì di àdéhùn. Kí ni aládùúgbò gbà láti ṣe? Ṣé kí ó máa wò wọ́n láti ojú fèrèsé ni, tàbí kí ó máa bu oúnjẹ fún wọn? Oúnjẹ wo, láti inú àpò ta ni? Bí ewúrẹ́ bá já okùn, tí ó sì lọ jẹ ẹ̀fọ́ ẹlẹ́fọ̀ọ́, ta ni yóò san án? Àwọn àgbà ní adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ṣe máa ń rí láàárín ẹni tí ó lọ àti ẹni tí ó kù nílé bí àdéhùn kò bá ní orí àti ìdí. Ìtọ́jú ẹranko kì í kúrò lọ́rùn ẹni tí ó ni ín nítorí pé ó wọ ọkọ̀. Bí ó bá fi í lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, àmáánà ni ó dà, àmáánà sì ní ìlànà.

Púpọ̀ nínú wa ni ó mọ ìtàn obìnrin tí ó wọ iná nítorí ológbò. Bukhari àti Muslim gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Abdullahi ọmọ Umar. A sábà máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọdé kí wọ́n má baà máa fi igi lu ológbò, ṣùgbọ́n bí a bá tẹ́tí sí hàdíìsì náà dáadáa, a kò ní gbọ́ níbẹ̀ pé obìnrin yìí lu ológbò rárá. Ohun tí Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kà sí i lọ́rùn ni pé ó tì í mọ́lé, kò fún un ní oúnjẹ, kò sì tú u sílẹ̀ kí ó lọ wá kòkòrò jẹ lórí ilẹ̀, títí ó fi kú. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ náà ti sún mọ́ ilé tí a tì pa, tí onílé ti lọ sọ́dún! Kò sí ẹni tí ó bínú sí ẹran náà. A kàn ti ilẹ̀kùn ni, a sì gbàgbé.

Hàdíìsì mìíràn wà nínú ìwé Abu Dawud, tí Abdullahi ọmọ Ja'far sọ. Ànábì (S.A.W.) wọ inú ọgbà ọkùnrin kan nínú àwọn ará Mẹ̀dínà, ràkúnmí kan sì rí i, ó kérora, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ pa á lórí títí ó fi dákẹ́, ó sì béèrè ẹni tí ó ni ín. Nígbà tí olówó rẹ̀ jáde, ó sọ fún un pé ràkúnmí yìí fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn pé ó ń fi ebi pa òun, ó sì ń fi iṣẹ́ dá òun lágara. Láti inú irú àwọn hàdíìsì wọ̀nyí ni àwọn onímọ̀ òfin ẹ̀sìn ti fà á yọ pé dandan ni kí ẹni tí ó ní ẹranko máa bọ́ ọ. Bí ó bá kọ̀, adájọ́ lè pàṣẹ fún un pé kí ó bọ́ ọ, tàbí kí ó tà á, tàbí kí ó dúńbú rẹ̀ bí ó bá jẹ́ ẹran jíjẹ. Àwọn ará wa tí ń gbé London yóò rí i pé òfin tí wọ́n ṣe níbẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹranko ní ọdún 2006 kò jìnnà sí èyí: ojúṣe wà lọ́rùn ẹni tí ó ni ẹranko nígbà gbogbo, ẹni tí ó sì gbà á tọ́jú fún ìgbà díẹ̀ ní ojúṣe tirẹ̀ pẹ̀lú.

Ta ni a ó wá fi í lé lọ́wọ́? Ní Kugbo, bí Iléyá bá dé, Mùsùlùmí Yorùbá tí ó wà nílé kejì lè ti lọ sílé gẹ́gẹ́ bí àwa náà. Ẹni tí ó ṣẹ́kù lè jẹ́ Gbagyi tí ó ni ilẹ̀, tàbí Ìgbò, tàbí Tiv, ó sì lè jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì. Àwọn kan nínú wa máa ń ṣiyèméjì lórí èyí. Kí wọ́n rántí ọdún 622, nígbà tí Ànábì (S.A.W.) àti Abu Bakr ń múra láti kúrò ní Mẹ́kà. Oṣù mẹ́rin ni Abu Bakr fi bọ́ ràkúnmí méjì pa mọ́ fún ìrìnàjò náà. Nígbà tí àkókò tó, ọwọ́ afinimọ̀nà kan tí wọ́n háyà, ẹni tí ó ṣì wà nínú ẹ̀sìn àwọn Kùràíṣì, ni wọ́n fi àwọn ràkúnmí náà sí, wọ́n sì bá a ṣe àdéhùn pé kí ó kó wọn wá bá àwọn ní ihò Thawr lẹ́yìn òru mẹ́ta. Ó kó wọn wá. Wọ́n yan ẹni tí wọ́n mọ̀ sí olóòótọ́, wọ́n dá ibi tí wọn yóò ti pàdé, wọ́n sì dá ọjọ́. Bí Kérésìmesì bá dé, kí àwa náà bá aládùúgbò wa wo ajá àti adìẹ tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni ó yẹ kí a fẹ̀ lójú díẹ̀, nítorí pé inú rere aládùúgbò pàápàá lè pa ẹran. Ẹni tí kò sin ewúrẹ́ rí lè rò pé bí òun bá bu àgbàdo gbígbẹ kún ọpọ́n, òun ti ṣe é lóore. Ewúrẹ́ àti àgùntàn tí kò bá ti mọ́ lára láti máa jẹ ọkà, bí ó bá jẹ ẹ́ ní àjẹjù lójijì, inú rẹ̀ yóò kan, yóò sì wú, ó sì lè kú kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Bákan náà ni èèpo ẹ̀gẹ́: oró wà nínú èyí tí ó tutù, ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá wa fi máa ń sá a sóòrùn kí wọ́n tó fi bọ́ ẹran. Nítorí náà, kí a ra oúnjẹ náà sílẹ̀ kí a tó lọ: ewé ẹ̀wà gbígbẹ tí àwọn Hausa ń pè ní harawa, àti dùsà níwọ̀nba. Kí a fi agolo tí a fi ń wọ̀n ọ́n sílẹ̀ sínú àpò náà, kí a sì fi ọwọ́ ara wa wọ̀n ọ́n lójú ẹni tí yóò máa ṣe é, lẹ́ẹ̀kan ní àárọ̀ àti lẹ́ẹ̀kan ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ kí ó wá wò ó ní ọjọ́ méjì ṣáájú ìrìnàjò; kì í ṣe òwúrọ̀ ọjọ́ tí a ń lọ.

Omi ṣe pàtàkì ju oúnjẹ lọ. Adìẹ a máa mu omi tó ìlọ́po méjì ìwọ̀n oúnjẹ tí ó ń jẹ, bí oòrùn bá sì mú, ó ń mu ju bẹ́ẹ̀ lọ. Abọ́ kan ṣoṣo tí a gbé sínú àgò ni adìẹ yóò ta ẹsẹ̀ sí tí yóò dà nù kí agogo mẹ́wàá àárọ̀ tó lù. Kí a gbé méjì tàbí mẹ́ta kalẹ̀, kí wọ́n wúwo ní ìdí, kí wọ́n sì wà níbi òjìji. Bí ó bá jẹ́ pé omi mẹ́rúwà ni a ń rà, kí a san owó omi náà sílẹ̀, kí ẹni tí ń ràn wá lọ́wọ́ má baà máa fi owó ara rẹ̀ ra omi fún adìẹ wa.

Ológbò kò fẹ́ kí a gbé e kúrò níbi tí ó mọ̀. Bí a bá gbé e lọ sí ilé ẹlòmíràn, ó lè sá, kí ó máa wá ọ̀nà ilé rẹ̀ kiri. Ó sàn kí ẹnì kan máa wá sí ilé wa lójoojúmọ́ láti bu oúnjẹ àti omi fún un, kí ọ̀nà tí yóò máa gbà wọlé kí ó sì máa gbà jáde sì wà ní ṣíṣí.

Ọ̀rọ̀ ajá gba ìṣọ́ra. Hàdíìsì ti yọ̀ǹda ajá ọdẹ, ajá oko àti ajá tí ń da ẹran, àwọn onímọ̀ púpọ̀ sì ti fi ajá tí ń ṣọ́ ilé àti ọjà kún un. Ẹni tí ó ní ìsọ̀ pákó mọ ìdí rẹ̀. Kí ajá bẹ́ẹ̀ ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára digbòlugi kí a tó fi í sílẹ̀, kí káàdì rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀. Àrùn digbòlugi, bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ènìyàn, agbára káká ni ẹnikẹ́ni fi ń yè é. Bí ajá bá bu ènìyàn jẹ nígbà tí a kò sí nílé, kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an, kí wọ́n má sì pa ajá náà: kí wọ́n so ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá kí dókítà ẹranko lè máa wò ó. Àwọn dókítà ẹranko kan wà ní Àbújá tí ń gba ajá sọ́dọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Owó ni wọ́n ń gbà, ṣùgbọ́n fún ajá tí ó rorò, mo rò pé ó tọ́ sí i ju kí a dẹrù rẹ̀ pa ọmọ aládùúgbò lọ.

Bí ẹran bá wá ń ṣàìsàn ńkọ́? Ibí yìí ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Bukhari mú un wá pé ẹrúbìnrin Ka'b ọmọ Malik ń da àgùntàn ní ibi òkè kan tí ń jẹ́ Sal', ó rí ọ̀kan nínú wọn tí ó fẹ́ kú, ó fọ́ òkúta, ó sì fi dúńbú rẹ̀. Ka'b ní kí ará ilé òun má ṣe jẹ ẹ́ títí òun yóò fi béèrè. Ànábì (S.A.W.) sì ní kí wọ́n jẹ ẹ́. Nítorí náà, ẹni tí ń ṣọ́ ẹran lè dúńbú rẹ̀ kí ó má baà di òkúǹbete, ṣùgbọ́n ó sàn kí a ti fi ẹnu ara wa yọ̀ǹda fún un kí a tó lọ, kí a sì sọ ẹni tí yóò pè. Ẹran tí ó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ ni èyí wà fún. Adìẹ tí ń kú lẹ́sẹẹsẹ kò sí nínú rẹ̀, irú èyí tí àrùn Newcastle máa ń pa nígbà ọyẹ́. Oṣù Kejì ọdún 2006 ni wọ́n kọ́kọ́ rí àrùn adìẹ tí ó lè ran ènìyàn ní Nàìjíríà, ní ìpínlẹ̀ Kàdúná, èyí tí kò jìnnà sí Àbújá. Adìẹ tí ó bá kú báyìí, kí wọ́n má dúńbú ìyókù fún jíjẹ. Kí wọ́n sin òkú wọn jìn, kí wọ́n fọ ọwọ́, kí wọ́n sì pe dókítà ẹranko.

Tí ó bá sì kú láìsí àìbìkítà lọ́wọ́ ẹni tí a fi í tì lọ́dọ̀, kò sí owó ìtanràn lọ́rùn rẹ̀. Ìlànà àmáánà nìyẹn. Kò tọ́ kí a ti Ìbàdàn dé kí a máa wo aládùúgbò wa bí olè nítorí àkùkọ kan.

Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń fi àgbò Iléyá sílẹ̀ sí Kugbo kí ẹlòmíràn bá wọn dúńbú rẹ̀. Ó tọ́, ní ọdún 632, nígbà Hájì ìdágbére, Ànábì (S.A.W.) fi ọwọ́ ara rẹ̀ gún ràkúnmí 63, ó sì fi ìyókù tí ó pé ọgọ́rùn-ún lé Ali lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ fún Ali pé kí ó má ṣe fi ohunkóhun nínú wọn san owó iṣẹ́ alápatà. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá bá wa bọ́ àgbò fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí a má ṣe sọ fún un pé awọ ni owó rẹ̀. Owó rẹ̀ ti inú àpò wa wá. Ẹran tí a bá fún un lẹ́yìn náà, ẹ̀bùn ni. Ẹyin tí àwọn adìẹ bá yé ní tiwọn, ẹ kúkú ní kí ó máa jẹ ẹ́.

Kí a sọ ọjọ́ tí a ó padà, kí a sì sọ ohun tí yóò ṣe bí a kò bá padà ní ọjọ́ náà. Ní ọdún 2020, nígbà àrùn Kòrónà, ìjọba àpapọ̀ ti Àbújá, Èkó àti Ògùn pa ní ìparí oṣù Kẹta. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fòfin de ìrìnàjò láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn, wọn kò sì gbé òfin náà kúrò títí di ọjọ́ 1, oṣù Keje. Ìrìnàjò ọjọ́ mẹ́ta lè di oṣù mẹ́ta. Kí owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní àfikún, kí ó sì ní nọ́ńbà ẹnìkejì tí ó lè pè bí fóònù wa kò bá lọ.

Ewúrẹ́ tí ó bá bímọ nígbà tí a kò sí, ẹni tí ó ni ìyá ni ó ni ọmọ, àyàfi bí a bá ti ṣe àdéhùn pípín ṣáájú, bí àwọn bàbá wa ti máa ń fi ewúrẹ́ fún ara wọn sìn ní abúlé. Ṣùgbọ́n àdéhùn ọlọ́dún gbọọrọ ni irú ìyẹn, kì í ṣe ti ọjọ́ mẹ́wàá.