Ìfọ̀kànbalẹ̀ Kí Á Tó Sùn

Ìrònú ẹ̀yáwó àti ọjà tí kò tà kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú wa sùn. Bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò sùn lè fún oníbàárà ní ṣéńjì lé; awakọ̀ sì lè tòògbé lójú ọ̀nà márosẹ̀.

Ní 1975, Dókítà Herbert Benson ará Amẹ́ríkà kọ ìwé lórí ọ̀nà kan tí kò ná wa ní kọ́bọ̀. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 10 sí 20, ẹ di ojú, ẹ máa mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹ sì máa pe ọ̀rọ̀ kan nínú ọkàn, bí “àlàáfíà”. Bí ìrònú bá yọjú, ẹ má bá a jà. Ẹ padà sí ọ̀rọ̀ yín.

Bí àìsùn bá ń pẹ́ jù, ẹ lọ rí dókítà. Àìsùn kò san gbèsè rí.