Ẹ Jẹ́ Kí Orúkọ Yín Wà Nínú Ìwé: Òfin Owó-Orí, Ilẹ̀ àti Ogún Tó Kàn Wá

  

Ohun tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí. Ọ̀rọ̀ òfin ni. Láti ìgbà tí òfin owó-orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀, kò síbi tí a yà sí nínú ọjà tí wọn kò ti bi wá léèrè pé, “Akọ̀wé, ṣé lóòótọ́ ni pé ìjọba fẹ́ máa gba ìdajì èrè wa? Ṣé lóòótọ́ ni pé wọ́n á máa yọ owó wa ní báńkì?” Àwọn kan ti ń gbèrò àtikó owó wọn kúrò ní báńkì, kí wọ́n lọ tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ ibùsùn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìdí nìyẹn tí ìgbìmọ̀ fi ní ká kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà gan-an.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ yìí pín sí: owó-orí, ilẹ̀, àti ogún. Ṣùgbọ́n ibì kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta já sí. Obìnrin tí kò bá ní ìwé tó jẹ́ orúkọ òun fúnra rẹ̀, ó máa ń ṣòro kí òfin tó rí i.

OWÓ-ORÍ

Ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2025 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin mẹ́rin lórí owó-orí. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí wọn. Èyí tó kan àwa tí a ń ṣòwò lórúkọ ara wa, tí a kò dá kọ́ńpìnì sílẹ̀, nìyí: ẹni tí èrè rẹ̀ láàárín ọdún kan kò bá ju ₦800,000 lọ, kò ní san owó-orí lórí èrè náà. Èrè la wí o, a kò wí iye ọjà tí ẹ tà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pọ̀. Ká ní ìyá kan tó ń ta gàárì ta ọjà ₦6,000,000 láàárín ọdún. Ó fi ₦4,700,000 ra gàárì lọ́wọ́ àwọn tó ń dín in. Owó ọkọ̀, aláàárù, owó ìsọ̀, àpò àti ọ̀rá kó ₦600,000 lọ. Ohun tó kù sí i lọ́wọ́ jẹ́ ₦700,000. Ìyá yìí kò jẹ ìjọba ní kọ́bọ̀ lórí èrè rẹ̀. Ká wá ní èrè rẹ̀ tó ₦1,000,000. Wọ́n á yọ ₦800,000 sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Orí ₦200,000 tó ṣẹ́kù ni wọ́n ti máa gba náírà 15 lórí ọgọ́rùn-ún náírà kọ̀ọ̀kan, èyí tó jẹ́ ₦30,000 fún odidi ọdún. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ìdajì èrè kò sí níbẹ̀?

Ní ti báńkì, owó tó wọlé kì í ṣe èrè. Owó tí ọmọ fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ láti jẹun, owó àjọ tí ẹ kó, owó tí oníbàárà san tí ẹ sì máa fi ra ọjà mìíràn, kò sí èyí tí wọ́n ń pè ní èrè nínú wọn. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Bí òṣìṣẹ́ owó-orí bá rí ₦6,000,000 tó wọ àpò báńkì yín, tí ẹ kò sì ní ìwé kankan tí ẹ lè fi hàn pé ọjà lẹ fi rà, òfin fún un láyè kó fojú díwọ̀n èrè yín. Ojú tirẹ̀ ló sì máa fi wọ̀n ọ́n.

Nítorí náà, ẹ ra nótùbúùkù kan. Ẹ kọ ohun tí ẹ rà sí apá kan, ẹ kọ ohun tí ẹ tà sí apá kejì, ẹ kọ ọjọ́ sí i. Ẹni tí kò bá mọ̀wé, kí ọmọ rẹ̀ máa bá a kọ ọ́ lálaalẹ́. Ẹ kó rìsíìtì sínú ọ̀rá kan ṣoṣo, títí kan rìsíìtì owó ilé, nítorí òfin tuntun yìí gbà kí ayálégbé yọ ìdá kan nínú ìdá márùn-ún owó ilé rẹ̀ kúrò kí wọ́n tó ṣírò owó-orí, bí kò bá ti ju ₦500,000 lọ.

Èyí tí wọ́n ń pè ní VAT, tó jẹ́ náírà méje àtààbọ̀ lórí ọgọ́rùn-ún, kò sí lórí oúnjẹ tí a kò tíì sè, bí iṣu, ìrẹsì, ẹ̀wà àti gàárì. Ẹni tó bá fi orúkọ VAT bu owó lé iṣu, irọ́ ló ń pa.

Owó tíkẹ́ẹ̀tì ọjà yàtọ̀ sí gbogbo èyí. Òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 fi ọjà àti ibùdókọ̀ sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, torí náà káńsù lẹ́tọ̀ọ́ láti gba owó ọjà. Ṣùgbọ́n òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 1998 lórí irú owó tí ìjọba kọ̀ọ̀kan lè gbà là á kalẹ̀ pé ẹni tí ìjọba kò bá rán kò gbọdọ̀ gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àti pé kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ dínà gba owó-orí, ìjọba alára kò gbọdọ̀ ṣe é. Owó ìtanràn ₦50,000 tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta, tàbí méjèèjì pọ̀, ni òfin náà kọ sílẹ̀ fún ẹni tó bá gba irú owó bẹ́ẹ̀. A kò ní kí ẹ bá ẹnikẹ́ni jà o. Ẹ kàn bèèrè rìsíìtì. Pépà pélébé tí kò lórúkọ káńsù, tí kò ní nọ́ńbà, kì í ṣe rìsíìtì. Ẹ mú un wá fún ìyálọ́jà.

ILẸ̀

Láti ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1978 ni òfin ilẹ̀ ti fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sọ́wọ́ gómìnà, kó máa mójú tó o fún ará ìlú. Àwọn kan rò pé ìyẹn ti sọ ẹbí di òfo. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹbí tó ti ń dáko lórí ilẹ̀ kí òfin náà tó dé ṣì lẹ́tọ̀ọ́ láti máa lò ó. Ṣùgbọ́n títà àti rírà kò parí síbi kí olórí ẹbí gba owó, kó gba ọtí, kí gbogbo wa ṣe àmín. Òfin ní kí ìjọba fọwọ́ sí i: gómìnà fún èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ fún ilẹ̀ ìgbèríko.

Àwọn kóòtù wa náà ti sọ ọ́ tipẹ́. Ilẹ̀ ẹbí tí ọmọ ẹbí kan tà láìsí ọwọ́ olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni títà náà. Èyí tí olórí ẹbí dá nìkan tà láìfi ti àwọn àgbà ẹbí yòókù ṣe, àwọn yẹn lè lọ gbà á padà ní kóòtù. Ẹ wo obìnrin tó fi èrè ogún ọdún ra plọ́ọ̀tì kan. Bí ìwé rẹ̀ kò bá ní ọwọ́ olórí ẹbí àti ti àwọn àgbà ẹbí nínú, ẹjọ́ ló rà. Ẹ mú lọ́yà àti sọ́feyà dání kí ẹ tó sanwó. Owó tiwọn kò tó owó plọ́ọ̀tì tó bá nù.

Bí ìjọba bá gba ilẹ̀ láti fi la títì tàbí kọ́ ilé ìwòsàn, ilé àti irè tó wà lórí ilẹ̀ náà ni òfin ní kí wọ́n sanwó lé lórí. Ẹni tó ni ilẹ̀ àti ẹni tó ń lò ó ni òfin dárúkọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé obìnrin tó gbin ẹ̀gẹ́ sórí ilẹ̀ tí àwọn àna rẹ̀ fún un láti máa dáko ní tirẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àwọn òṣìṣẹ́ bá wá ka irè oko nígbà tí ẹ wà lọ́jà, tí wọ́n sì kọ orúkọ àbúrò ọkọ, orúkọ tí wọ́n bá kọ ni owó máa bá lọ. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀, ẹ fi ọjà sílẹ̀, ẹ lọ dúró lórí oko yín.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 2021 ni olóògbé Gómìnà Rótìmí Akérédolú, ọmọ Ọ̀wọ̀, fọwọ́ sí òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni má da ẹran jẹko káàkiri ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ẹni tí màlúù bá jẹ oko rẹ̀, kó ya fọ́tò, kó pe ẹlẹ́rìí, kó kọ ọjọ́ sílẹ̀, kó wá lọ bá ọlọ́pàá tàbí Àmọ̀tẹ́kùn. Ẹkún nìkan kì í ṣe ẹ̀rí.

OGÚN

Èyí ló kan obìnrin jù, òun la kì í sì í fẹ́ sọ. Nínú àṣà Yorùbá, ọmọ ló ń jogún bàbá rẹ̀, ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin, yálà wọ́n pín in ní ìdí igi tàbí ní orí-ò-jorí. Ìyàwó kì í jogún ọkọ. Lọ́dún 1997, nínú ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní ẹjọ́ Akinnubi, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà sọ pé lábẹ́ àṣà Yorùbá, opó kò lè jogún dúkìá ọkọ rẹ̀, kò sì lè máa ṣàkóso rẹ̀.

Ẹ fara balẹ̀ wò ó. Ìsọ̀ tí obìnrin ti ń tajà láti ogún ọdún wà lórúkọ ọkọ. Ilẹ̀ tí owó àjọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ọkọ nìkan ló wà nínú rìsíìtì. Ọkọ kú. Lójú àṣà, dúkìá ọkọ ni gbogbo rẹ̀. Bí obìnrin náà bá bímọ, á sá sábẹ́ ọmọ. Èyí tí kò bímọ ńkọ́?

Ọ̀nà wà o. Ohun tí ẹ fi owó yín rà, kí rìsíìtì rẹ̀ jẹ́ orúkọ yín. Ohun tí tọkọtaya jọ rà, kó jẹ́ orúkọ ẹni méjèèjì. Ẹni tó ṣègbéyàwó ní kóòtù, àṣà nìkan kọ́ ló máa pín ogún ọkọ rẹ̀. Òfin fún un ní ìpín tirẹ̀. Bàálé tó bá sì fẹ́ kí ìyàwó òun ní nǹkan, kó lọ ṣe ìwé ìpíngún lọ́dọ̀ lọ́yà nígbà tí ara rẹ̀ ṣì dá.

Ní ti fífi ìyà jẹ opó àti lílé e jáde nílé, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tó de irú ìwà bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2015, Ìpínlẹ̀ Oǹdó sì ṣe tirẹ̀ lọ́dún 2021. Ẹni tó bá ń fá orí opó ní tipátipá, tàbí tó ń ju ẹrù rẹ̀ síta, kó má pè é ní àṣà mọ́. Ọ̀ràn ni. Ẹ lọ sí wẹ́fíà, ẹ lọ bá ọlọ́pàá. Ẹni tí kò lówó lọ́yà, Legal Aid Council wà fún irú rẹ̀.

Àwọn kan á ní, “Ṣé ikú ọkọ wa lẹ ń rò ni?” Rárá o. Ọlọ́run á dá wọn sí. Kì í ṣe ọkọ yín là ń bẹ̀rù. Ẹni tó máa wá jókòó lé ìjókòó rẹ̀ la kò tíì mọ̀.

Ohun tí a fẹ́ kí olúkúlùkù ṣe kí a tó pàdé nìyí. Ẹ kó ìwé ìsọ̀, ìwé ilẹ̀ àti ìwé báńkì yín jáde, kí ẹ wo orúkọ tó wà lára wọn. Bí kì í bá ṣe orúkọ yín ló wà níbẹ̀, ẹ bá bàálé yín sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́, lálẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ mú ẹ̀dà rẹ̀ wá sípàdé, ká bá yín kà á. Èyí tó bá ju agbára wa lọ, a ó jọ gbé e lọ bá lọ́yà.

Ajé á bu igbá jẹ o.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́