ÒMÌNIRA ÌMỌ̀ NÍ YUNIFÁSÍTÌ ÀTI ỌWỌ́ ÌṢÈLÚ



Yunifásítì ti sún mọ́ wa ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ti Ilé-Ifẹ̀ ti wà tipẹ́, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun dé ní 2006, ti Ìlẹ̀ṣà sì tẹ̀lé e ní 2022. Ọmọ wa ló ń kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, ọmọ wa náà ló ń kọ́ni níbẹ̀. Nítorí náà, bí ìṣèlú bá tọwọ́ bọ yunifásítì lójú, ojú ọmọ wa ló máa ta.

Kí là ń pè ní òmìnira ìmọ̀? Òun ni pé kí olùkọ́ lè ṣe ìwádìí, kó sọ ohun tó rí, kó sì kọ́ ọmọ ní òtítọ́, láìbẹ̀rù pé aláṣẹ kan yóò tìtorí rẹ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe òmìnira láti pa iṣẹ́ jẹ tàbí láti gba rìbá lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwa Mùsùlùmí. Ní ọdún 833, Kálífà Al-Ma'mun ránṣẹ́ sí Baghdad pé èrò kan ṣoṣo tí ìjọba fọwọ́ sí ni kí àwọn onímọ̀ máa sọ: pé ẹ̀dá ni Al-Kùránì. Imam Ahmad bin Hanbal kọ̀. Wọ́n fi í sẹ́wọ̀n, wọ́n nà án lẹ́gba. Àwọn ọba náà ti kọjá lọ, ṣùgbọ́n títí dòní là ń ka ìwé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sítòsí. Ní 2001, lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì tí ẹgbẹ́ ASUU fi bá ìjọba àpapọ̀ jà, wọ́n lé olùkọ́ 49 ní Yunifásítì Ìlọrin. Wọ́n gba kóòtù lọ. Ní 2005, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ dá wọn láre. Ní 2006, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn yí i padà. Ní 2009, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí wọ́n dá wọn padà sẹ́nu iṣẹ́. Kí ni ìdí? Òfin yunifásítì náà ní kí a tó lé olùkọ́, a gbọ́dọ̀ ka ẹ̀sùn sí i létí, ká sì gbọ́ tẹnu rẹ̀. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Irú òfin yìí ni ọgbà tó yí ìmọ̀ ká. Bí ó bá wó, ta ni yóò sọ òtítọ́ tí aláṣẹ kò fẹ́ gbọ́?

Òfin 2003 náà wà fún yunifásítì ìjọba àpapọ̀: ìgbìmọ̀ alákòóso ló ń yan ọ̀gá àgbà, ọdún 4 sì ni ìgbìmọ̀ náà ń lò, àyàfi bí a bá rí i pé kò kájú ẹ̀, tó sì hùwà ìbàjẹ́. Síbẹ̀, ní oṣù Kẹfà 2023, ìjọba tú wọn ká pọ̀ mọ́ ìgbìmọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba yòókù. Ó di 2024 kí wọ́n tó yan òmíràn.

Ṣùgbọ́n ká má di gbogbo ẹ̀bi ru ìjọba. Ní oṣù Kẹta 2022, àwọn kan ya wọ ọgbà OAU ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n ní ọmọ ìlú ni kí wọ́n fi ṣe ọ̀gá àgbà. Bí àwa náà bá ń bẹ gómìnà pé kó fi ọmọ tiwa síbẹ̀, àwa la fọwọ́ ara wa pe ìṣèlú wọlé.

Ẹlòmíràn á ní: "Ìjọba ló ń sanwó, ṣé kó má pàṣẹ ni?" Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè bí wọ́n ṣe ná owó, torí owó ará ìlú ni. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé láti inú Baitul-Mal ni wọ́n ti ń sanwó adájọ́. Síbẹ̀ ọba kò gbọdọ̀ sọ ìdájọ́ sí i lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ náà ni olùkọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ ka òfin yunifásítì yín, kẹ́ ẹ mọ ẹ̀tọ́ yín. Ẹ̀yin òbí, bí wọ́n bá lé olùkọ́, ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá wọ́n gbọ́ tẹnu rẹ̀. Àwa alfa, ẹ má jẹ́ ká yá olóṣèlú ní mìnbárì láti fi bú onímọ̀.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tó ṣàǹfààní, kó sì fún àwọn tó ni ín ní ìgboyà láti sọ ọ́. Àmín.