FÍÌMÙ TUNTUN DÉ! Ìgbà wo ni kí ọlọ́jà àti oníṣẹ́ ọwọ́ lọ wò ó?

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń dá iyàn sílẹ̀ láàárín àwọn tó fẹ́ràn sinimá. Bí fíìmù tuntun bá ti jáde, apá kan á ní àfi kí àwọn wò ó lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn tán. Apá kejì á ní kí ni ìkánjú ọ̀hún, ṣé fíìmù náà fẹ́ sá lọ ni? Ká sọ tòótọ́, àwọn méjèèjì ló jàre, àwọn méjèèjì ló sì jẹ̀bi. Fíìmù tó yẹ kéèyàn sáré lọ wò wà, èyí tó yẹ kéèyàn fara balẹ̀ dè náà wà. Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ á jẹ ìgbádùn owó rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á fi owó ọjà ra ìdúró lórí ìlà.

LÁYÉ ÒGÚNDÉ ŃKỌ́?

Nígbà tí olóògbé Hubert Ògúndé gbé "Aiyé" jáde lọ́dún 1979, tó sì gbé "Jáiyésinmi" tẹ̀lé e, kò sí pé à ń yan ìgbà. Àsìkò ọdún ni fíìmù ń dé: Kérésìmesì, Àjíǹde tàbí Iléyá. Gbọ̀ngàn Tíátà ìjọba ní Ìgánmú, l'Ékòó, á kún fọ́fọ́. Ẹ̀dà fíìmù ò pọ̀ nígbà yẹn, àwọn tó ni ín ló ń gbé e kiri láti ìlú dé ìlú. Bó bá dé ìlú yín tẹ́ ẹ ò lọ, ó di ìgbà tó bá tún padà wá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Moses Ọláìyá, ìyẹn Baba Sàlá, kò ṣeé gbàgbé. Lọ́dún 1982 ló gbé "Ọ̀run Móoru" jáde. Kó tó jẹ èrè rẹ̀, àwọn olè ti dà á kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n ń tà á kiri ìgboro. Àwọn tí ì bá ra tíkẹ́ẹ̀tì jókòó sílé wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Gbèsè ni bàbá tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín fi ṣe ìfà jẹ.

Nígbà tó yá, ọ̀pọ̀ ilé sinimá àtijọ́ ti ilẹ̀kùn, òmíràn di ṣọ́ọ̀ṣì, òmíràn di ilé ìkẹ́rù. Fídíò ilé ló gbòde. Ọdún 2004 ni Silverbird ṣí ilé sinimá ìgbàlódé sí Victoria Island, àwọn mìíràn sì tẹ̀lé e, títí ó fi dé Ìbàdàn àti àwọn ìlú mìíràn.

ỌJỌ́ JÍMỌ̀ NI WỌ́N Ń BÍ I

Nísinsìnyí, ọjọ́ Jímọ̀ ni fíìmù tuntun sábà máa ń bọ́ sójú agbo. Ẹ wo ti Fúnkẹ́ Akíndélé. "Ọmọ Ghetto: The Saga" jáde ní December 25, 2020, ọjọ́ Jímọ̀ ni. "Battle on Buka Street" jáde ní December 16, 2022, Jímọ̀ ni. "A Tribe Called Judah" jáde ní December 15, 2023, Jímọ̀ náà ni.

Kí ló dé? Nítorí pé láti Jímọ̀ sí Sọ́ńdè lọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dilẹ̀. Bó bá wá di ọjọ́ Ajé, àwọn aláṣẹ ilé sinimá á jókòó ti ìwé owó. Wọ́n á wo iye tíkẹ́ẹ̀tì tí fíìmù kọ̀ọ̀kan tà. Èyí tó tà dáadáa, wọ́n á fún un ní ààyè sí i lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Èyí tí kò tà, wọ́n á gba ìrọ̀lẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á tì í sí aago mọ́kànlá àárọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ráyè. Bó bá tún di ọ̀sẹ̀ kan sí i, ẹ lè má bá a níbẹ̀ mọ́. Ìyá aláta tó ní tòmátì tó ń rà lọ mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀: ọjà tí kò bá tètè tà, ààyè rẹ̀ lórí àtẹ la máa kọ́kọ́ gbà.

FÍÌMÙ ŃLÁ, Ẹ DÈ É

Àwọn òṣèré ńlá fẹ́ràn December nítorí owó àti ìsinmi wà níta. Ṣùgbọ́n ìgbà yẹn gan-an ni ọlọ́jà àti oníṣẹ́ ọwọ́ ò ráyè họrí. Télọ̀ tó gba aṣọ ọdún fún ogún èèyàn, ta ni yóò bá a rán an? Onídìrí tí àwọn oníbàárà ti tò lọ́wọ́ láti ìdájí, ìgbà wo ló fẹ́ wo sinimá? Ẹni tó bá fi ọjà ọdún sílẹ̀ nítorí wákàtí méjì eré, èrè rẹ̀ ló fi wòran.

Kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Fíìmù ńlá kì í tètè lọ. "A Tribe Called Judah" tó jáde ní December 2023, ìbẹ̀rẹ̀ January 2024 ló tó ré kọjá náírà bílíọ̀nù 1, òun sì ni fíìmù ilẹ̀ wa àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀ ní ilé sinimá. Ìyẹn ni pé lẹ́yìn tí àwọn onísinmi ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó lọ nígbà náà kò bá ẹnikẹ́ni du àga.

Ìṣòro January ni pé owó máa ń gbẹ. Nítorí náà, kí a ti ya owó tíkẹ́ẹ̀tì sọ́tọ̀ lọ́wọ́ alájọ nígbà tí ọjà ṣì ń yá. Bákan náà ni ti Iléyá: ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé ọdún, nígbà tí ẹran ti tán nínú ìkòkò, ni ti oníṣẹ́ ọwọ́.

FÍÌMÙ KÉKERÉ, Ẹ MÁ DÚRÓ

Ti fíìmù tí kò ní orúkọ ńlá nínú yàtọ̀. Bẹ́ ẹ bá ní ẹ fẹ́ dúró dìgbà tọ́wọ́ bá dilẹ̀, wọ́n á ti ká a kúrò. Bó bá jẹ́ ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ràn ló ṣe é, tàbí ìtàn ilẹ̀ wa ni, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ lọ. Ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè dára fún ọlọ́jà: ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ti tì, owó yín sì wọ ìṣirò ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ń dá fíìmù lẹ́jọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé èdè Yorùbá ò lè tà. "Agẹṣinkólé" tí Fẹ́mi Adébáyọ̀ gbé jáde ní April 8, 2022, èdè Yorùbá ni wọ́n fi ṣe é, kò sì dúró de December. Ó lé ní náírà mílíọ̀nù 300. Àwọn tó tètè jáde lọ wò ó ló gbé e dé ibẹ̀.

WÁKÀTÍ WO LÓ DÁRA?

Ẹni tó ń ṣọ́ owó, ọ̀sán ọjọ́ àárín ọ̀sẹ̀ ni kó lọ. Ọ̀pọ̀ ilé sinimá máa ń dín owó kù ní àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn. Kẹ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ tí tiyín ń dín in, nítorí ó yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Kẹ́ ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, torí gúgúrú ibẹ̀ lè gbówó lórí ju tíkẹ́ẹ̀tì ọmọdé lọ. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mú ọmọ dání, ẹ béèrè iye ọdún tí wọ́n fi fíìmù náà sí.

Ti alẹ́ ńkọ́? Kí ẹni tí kò ní mọ́tò rò ó dáadáa. Eré tó bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án lè má tán títí di mọ́kànlá kọjá. Owó tí a rò pé a rí nínú tíkẹ́ẹ̀tì, ọlọ́kadà á gbà á, ká má tiẹ̀ sọ ti ewu ọ̀nà.

Ẹni tí ò bá sì ráyè lọ rárá, kó má ṣe gba èyí tí wọ́n fi fóònù yà lábẹ́lẹ̀ nínú gbọ̀ngàn. Ohun tó ba Baba Sàlá lọ́wọ́ jẹ́ ni, fóònù ló kàn gba iṣẹ́ lọ́wọ́ kásẹ́ẹ̀tì. Ṣé télọ̀ yóò dùn sí i bí ẹnìkan bá wọ aṣọ tó rán lọ láìsanwó?

Fíìmù ńlá, ẹ jẹ́ kí èrò fà. Fíìmù kékeré, ẹ tètè jí lọ bá a. Ìgbà ò lọ bí òréré; ẹni tó bá mọ ìgbà tirẹ̀ ló ń rí ọjà tà, tó tún ń rí eré wò.