Ẹran Agolo àti Ẹran Inú Ọ̀rá fún Ilé Tí Ó Ní Èèwọ̀ Oúnjẹ

Inú ṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́ wa gan-an ni ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ ní oṣù yìí ti wá. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá tí ó ń ta aṣọ láàárín wa ra páálí sọ́séèjì kan lọ́wọ́ wa, nítorí pé a dín owó rẹ̀ kù. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí ara rẹ̀ pé ẹran màlúù ni. Ilé mùsùlùmí ni ilé wọn. Baba ilé ní ẹ̀jẹ̀ ríru, dókítà sì ti sọ fún un pé kí ó dín iyọ̀ kù. Àbíkẹ́yìn wọn, ọmọ ọdún mẹ́fà, kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan wàrà, nítorí ara rẹ̀ á lé, ètè rẹ̀ á sì wú. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ètè ọmọ ti wú. Wọ́n sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, Ọlọ́run sì bá wọn ṣe é. Nígbà tí a wá fara balẹ̀ ka ẹ̀yìn páálí náà, a rí i pé ìyẹ̀fun wàrà wà nínú rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ wínníwínní. Ẹni tí ó ṣe é kò purọ́. Àwa tí a tà á ni a kò kà á, ìyá tí ó rà á náà kò sì kà á.

Ọ̀rọ̀ èèwọ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Kí agolo tó dé ilẹ̀ yìí ni àwọn ẹlẹ́ṣàngó ti mọ̀ pé àwọn kì í jẹ èsúró, tí ìdílé mìíràn sì mọ ẹran tí wọn kì í gbé kaná. Ṣùgbọ́n ẹran tí ojú rí ni à ń rà nígbà náà. Ẹran tí wọ́n ti lọ̀, tí wọ́n ti pò mọ́ nǹkan mẹ́jọ mìíràn, tí wọ́n wá rọ sínú agolo, ojú kò lè dá a mọ̀ mọ́. Ìwé ara rẹ̀ nìkan ni ó lè sọ fún wa. Ẹni tí kò bá mọ̀wé kà, kí ó pe ọmọ iléèwé kan kí ó bá a kà á. Kò sí ìtìjú nínú ìyẹn.

Àwòrán àti orúkọ ńlá tí ó wà níwájú, kí ọjà lè tà ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀. Ẹ̀yìn ni kí ẹ yí i sí. Ẹ ó rí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, ‘Ingredients’. Gbogbo ohun tí wọ́n pò pọ̀ ni ó tẹ̀ lé e. Èyí tí ó wúwo jù lórí ìwọ̀n ni wọ́n ń kọ́kọ́ kọ, èyí tí ó kéré jù a sì kẹ́yìn. Bí ẹ bá rí sọ́séèjì tí wọ́n pè ní ti adìẹ, tí omi àti ìyẹ̀fun sì ṣáájú adìẹ nínú ìlà náà, ẹ ti mọ ohun tí ẹ ń fi owó yín rà.

Ẹ jẹ́ kí a mú ilé ìyá aláṣọ wa yìí bí àpẹẹrẹ, nítorí òfin mẹ́ta ni ó wà nínú ilé náà.

Ti àkọ́kọ́ ni ẹlẹ́dẹ̀. Ẹni gbogbo mọ ‘pork’. ‘Ham’ àti ‘bacon’, ẹlẹ́dẹ̀ náà ni, àfi bí wọ́n bá kọ ọ́ pé ti tòlótòló tàbí ti màlúù ni. ‘Lard’ ni ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀. ‘Gelatine’ ni ohun dídì bí ògì tútù tí ẹ máa ń rí létí ẹran agolo mìíràn. Awọ àti egungun ni wọ́n fi ń ṣe é, ó lè jẹ́ ti màlúù, ó sì lè jẹ́ ti ẹlẹ́dẹ̀. Bí wọn kò bá sọ èyí tí ó jẹ́, kí ilé mùsùlùmí fi í sílẹ̀. Èyí tí ó máa ń gba ẹ̀yìn yọ sí ènìyàn ni awọ sọ́séèjì. Ẹran inú rẹ̀ lè jẹ́ ti adìẹ pọ́ńbélé, kí ó jẹ́ pé ìfun ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n rọ ọ́ sí. Wọ́n ń lo ìfun àgùntàn náà, wọ́n sì ń lo awọ tí wọ́n fi ara màlúù ṣe. Ẹ wá ọ̀rọ̀ náà ‘casing’, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i.

Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé ‘kò sí ẹlẹ́dẹ̀ nínú rẹ̀’, ìyẹn kò sọ bí wọ́n ṣe pa ẹran náà. Àmì ‘Halal’ ni ó ń sọ ìyẹn, ó sì dára kí orúkọ ẹgbẹ́ tí ó jẹ́rìí sí i wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àmọ́ o, àmì yìí kan náà kò sọ nǹkan kan nípa iyọ̀ tàbí wàrà. Ohun tí ìyá wa rò nìyẹn: ó rí àmì, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pátá.

Òfin kejì ni wàrà. Kí ni wàrà ń wá nínú sọ́séèjì? Ó máa ń di omi àti ọ̀rá mú kí wọ́n má yà, ó sì ń jẹ́ kí ó rọ̀ lẹ́nu. Wọn kì í sábà kọ ‘milk’ lásán. Ẹ lè rí ‘milk solids’, ‘skimmed milk powder’, ‘whey’, ‘casein’, ‘caseinate’ tàbí ‘lactose’. Ara wàrà ni gbogbo wọn ti wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí ìwé kékeré kan, kí ẹ fi í sínú pọ́ọ̀sì. Ẹni tí ara rẹ̀ kọ àlìkámà ní tirẹ̀, kí ó máa wá ‘wheat’ àti ‘rusk’. Ti ẹni tí ara rẹ̀ kọ sóyà kò ṣòro, ‘soya’ tàbí ‘soy’ ni wọ́n ń kọ. Bí agolo bá ti Lọ́ńdọ̀nù wá, bí àwọn ọmọ wa tí ó wà lọ́hùn-ún ti máa ń fi ránṣẹ́, ó máa ń rọrùn díẹ̀, nítorí pé láti oṣù Kejìlá ọdún 2014 ni òfin ti ní kí wọ́n jẹ́ kí irú orúkọ báwọ̀nyí hàn ketekete nínú ìlà náà. Lẹ́tà dúdú kirikiri ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò. Ṣùgbọ́n kí ẹ má retí rẹ̀ lára gbogbo ọjà.

Òfin kẹta, iyọ̀, ni ó le jù, nítorí pé kò sí ẹran agolo tí kò ní i. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5. Ìyẹn kò kún ṣíbí ìpotíì kékeré kan, ti ọbẹ̀, ti búrẹ́dì àti ti gbogbo nǹkan sì ni. Lára agolo, wọ́n lè kọ ‘salt’, wọ́n sì lè kọ ‘sodium’. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. ‘Sodium’ jẹ́ apá kan nínú iyọ̀, nítorí náà bí ẹ bá rí i, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì àti ààbọ̀ kí ẹ tó mọ iye iyọ̀ tí ó jẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti rí ‘sodium’ tí ó kéré, tí inú wọn dùn lásán.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò agolo kọ́ọ̀nbíìfù kan bí a ti ń ṣírò èrè ìdókòwò. Ká ní wọ́n kọ ọ́ pé mílígíráàmù 900 ‘sodium’ ni ó wà nínú gíráàmù 100 ẹran, kí agolo náà sì jẹ́ gíráàmù 340. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ mílígíráàmù 3,060. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì àti ààbọ̀, ó di 7,650, ìyẹn ni iyọ̀ tí ó lé ní gíráàmù 7 àti ààbọ̀. Bí ènìyàn mẹ́rin bá pín in jẹ, ó ku díẹ̀ kí ti ẹnì kọ̀ọ̀kan tó gíráàmù 2, a kò tíì sọ ti Mágì o! Bí baba ẹlẹ́jẹ̀ ríru bá dá ìdajì agolo náà jẹ pẹ̀lú búrẹ́dì láàárọ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ iyọ̀ ọjọ́ náà tán kí ó tó kúrò nílé. Ní Bìrìtéènì, oúnjẹ tí iyọ̀ rẹ̀ bá ju gíráàmù 1 àti ààbọ̀ lọ nínú gíráàmù 100, ẹni tí iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ ni wọ́n ń kà á sí. Èyí tí kò bá ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá gíráàmù lọ ni wọ́n ń pè ní oníyọ̀ díẹ̀. Ẹ lè fi ìyẹn ṣe òṣùwọ̀n.

Àwọn kan ti béèrè lọ́wọ́ wa bóyá àgbàdo wà nínú kọ́ọ̀nbíìfù. Rárá o. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ‘corn’ ni wóró nǹkan, wóró iyọ̀ tí wọ́n fi ń pa ẹran lára ni wọ́n fi sọ ọ́ ní orúkọ. Orúkọ rẹ̀ gan-an ti kìlọ̀ fún wa. Agolo rẹ̀ tí ìdí rẹ̀ fẹ̀ tí orí rẹ̀ sì tín-ín-rín, Chicago ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní ọdún 1875, kí ẹran náà lè yọ́ jáde lódindi.

Ilé tí kò bá lè ṣe kí ó má jẹ ẹ́, kí wọ́n má fi iyọ̀ tàbí Mágì sí ọbẹ̀ tí wọ́n bá fi kọ́ọ̀nbíìfù sè. Kí wọ́n bọ sọ́séèjì, kí wọ́n da omi rẹ̀ nù. Yóò dín iyọ̀ rẹ̀ kù díẹ̀, kò ní mú un kúrò. Èyí tí wọ́n kọ ‘reduced salt’ sí, ó kéré sí ti arákùnrin rẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Ó ṣì lè pọ̀ jù fún baba.

Ọ̀rọ̀ E250 ń kọ́? Òun ni wọ́n ń pè ní ‘sodium nitrite’. Ó ń mú kí ẹran pupa rẹ́súrẹ́sú, kò sì jẹ́ kí kòkòrò àìfojúrí kan tí oró rẹ̀ ń pa ènìyàn ráyè nínú ẹran. Iṣẹ́ gidi ni ó ń ṣe. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé lórí àrùn jẹjẹrẹ kéde pé irú ẹran tí wọ́n fi iyọ̀, èéfín tàbí oògùn pa mọ́ báyìí lè fa jẹjẹrẹ ìfun. Wọ́n ní ẹni tí ó bá ń jẹ gíráàmù 50 lójoojúmọ́, ewu tirẹ̀ fi nǹkan bí ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Kí ẹ má gbọ́ ọ ní òdì. Bí ó bá jẹ́ pé ènìyàn márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni ì bá ṣe tẹ́lẹ̀, yóò wá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́fà. Àwa rò pé ohun tí a ń jẹ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni ó yẹ kí ó jẹ́, kí ó má di oúnjẹ àràárọ̀ ọmọ iléèwé.

Ti agolo fúnra rẹ̀ kù. Èyí tí orí tàbí ìdí rẹ̀ bá wú, kí ẹ má ṣí i, kí ẹ má tọ́ ọ wò. Èyí tí ó ti ń jò tàbí tí ó ti dípẹtà wọnú bákan náà ni. Ibi tí ó bá ti tẹ̀ ṣe pàtàkì: bí ó bá tẹ̀ díẹ̀ láàárín, ó lè máà ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n bí ó bá tẹ̀ ní ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ihò tí ojú kò lè rí ti lè wà níbẹ̀. Ní ọdún 1964, ní ìlú Aberdeen ní Skọ́tíláǹdì, ènìyàn tí ó ju 400 lọ ni ibà táífọ́ọ̀dù gbé dè. Kọ́ọ̀nbíìfù láti Ajẹntínà ni wọ́n tọpa rẹ̀ dé. Omi odò tí wọn kò tọ́jú ni wọ́n fi tu agolo náà nígbà tí ó ṣì gbóná, omi náà sì ráyè wọlé. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi gé e ní ṣọ́ọ̀bù ni ó wá tan àrùn náà ká ara ẹran mìíràn. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọ̀bẹ kan ṣoṣo gé gbogbo nǹkan, ẹ gbọ́.

Ẹran inú firísà, a kò ní sọ púpọ̀. Adìẹ àti tòlótòló dídì láti òkè òkun wà lára ohun tí ìjọba kò fẹ́ kí wọ́n kó wọ Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ẹni gbogbo mọ ohun tí ń gba ẹnubodè Benin kọjá lóru. Èyí tí kò ní ìwé lára, tí ẹ kò mọ ibi tí ó ti wá, kí ẹ má rà á wọ ilé tí ó ní òfin. Bí yìnyín olómi ẹ̀jẹ̀ bá dì sí ìsàlẹ̀ ọ̀rá, ó ti yọ́ rí, wọ́n tún dà á padà sínú firísà. Iná mànàmáná wa kò jẹ́ kí èyí ṣọ̀wọ́n.

Nọ́ńbà NAFDAC ń sọ pé wọ́n ti forúkọ ọjà náà sílẹ̀. Ẹ wò ó, kí ẹ sì wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Kò lè sọ fún yín bóyá ó bá ilé yín mu.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ̀bẹ̀ wa rèé. A mọ̀ pé oníbàárà púpọ̀ kò lè ra odindi, ẹ sì gbọ́dọ̀ tú páálí tà ní ẹyọ méjì, ẹyọ mẹ́ta. Nígbà tí ẹ bá dì í sínú láílọ́ọ̀nù báyìí, ìwé ara rẹ̀ ti dàwátì nìyẹn. Ẹ gé apá tí wọ́n kọ nǹkan sí, kí ẹ fi í kọ́ sí ibi tí ẹ ti ń tà, títí ọjà náà yóò fi tán. Bí oníbàárà bá ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé wàrà wà níbẹ̀?” tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ sọ pé ẹ kò mọ̀.

Ní ti ṣọ́ọ̀bù wa, a ti dá owó ìyá aláṣọ padà fún un. Láti oṣù tí ń bọ̀, akọ̀wé ọjà yóò máa ka ẹ̀yìn páálí kọ̀ọ̀kan kí a tó gbé e sórí pẹpẹ, yóò sì fi ìwé Yorùbá lẹ̀ ẹ́: ẹlẹ́dẹ̀, wàrà, àlìkámà, iye iyọ̀. Ẹni tí ó bá ra agolo tí ó wú lọ́wọ́ wa, kí ó gbé e padà wá láìṣí i, pẹ̀lú rìsíìtì rẹ̀, ní ọjọ́ Sátidé kí ó tó di aago méjì.