Abẹ́rẹ́ Kì í Ṣe Mímì fún Adìẹ: Ìtàn Hẹlikópítà Ogun Mi-24

Àwọn baba wa a máa wí pé bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti jinlẹ̀ tó, kí ó fetí sí ìtàn hẹlikópítà ogun tí àwọn ará Rọ́ṣíà ń pè ní Mi-24.

Mikhail Mil ni ẹni tí ó ronú kàn án. Ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé kí ọkọ̀ òfurufú kan ṣoṣo máa ṣe iṣẹ́ méjì: kí ó gbé ọmọ ogun mẹ́jọ lọ sí ojú ìjà, kí òun fúnra rẹ̀ sì máa jà fún wọn láti òkè. Ọdún 1969 ni a kọ́kọ́ gbé e fò. Ní oṣù Jánúárì 1970 Mil kú, kò sì rí ibi tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò bá a kú, nítorí èyí tí a ti ṣe nínú ọkọ̀ yìí lé ní 2,000.

Kì í sì í ṣe ohun tí ènìyàn lè fojú di. Ó ń sáré ju 300 kìlómítà lọ ní wákàtí kan. Irin líle ni a fi dáàbò bo àwọn tí ń wà á, ìbọn arọ̀jò-ọta wà ní imú rẹ̀, rọ́kẹ́ẹ̀tì sì rọ̀ sábẹ́ apá rẹ̀ ọ̀tún àti òsì. Nínú ogun Ogaden, tí Ethiópíà àti Sòmálíà bá ara wọn jà ní 1977 sí 1978, ni ó ti kọ́kọ́ rí ìjà.

Ṣùgbọ́n Afghanístàn ni ayé ti mọ̀ ọ́n. Ní oṣù Dìsẹ́ńbà 1979 ni àwọn ọmọ ogun Sófíẹ́tì wọ ilẹ̀ náà. Ìbọn tí àwọn ará òkè ń lò kò tó nǹkan lójú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Iná ń ti ojú ọ̀run bọ́ sórí abúlé, ènìyàn tí ó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún sì sá kúrò ní ilẹ̀ baba wọn nígbà ogun náà, pàápàá lọ sí Pakistan àti Iran.

Síbẹ̀ ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ bá ọkọ̀ yìí jà. Afẹ́fẹ́ orí òkè fúyẹ́, ooru sì ń dín agbára ẹ́ńjìnnì kù. Nígbà tí ó yá, àwọn awakọ̀ ń fi ọmọ ogun mẹ́jọ nì sílẹ̀ ní ibùdó kí ẹrù lè dín. Bẹ́ẹ̀ ni ìdajì èrò Mil ṣe wọmi.

Lẹ́yìn náà ni abẹ́rẹ́ dé. Stinger ni orúkọ rẹ̀, Amẹ́ríkà ni ó fi ránṣẹ́. Kò wúwo ju nǹkan bí 15 kìlógíráàmù lọ, ènìyàn kan a gbé e lé èjìká, ọta rẹ̀ a sì máa tọ ooru ẹ́ńjìnnì lọ. Ní ọjọ́ 25 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà 1986, nítòsí Jalalabad, Mi-24 mẹ́ta bá a lọ ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n: àwọn Sófíẹ́tì bẹ̀rẹ̀ sí í ju iná ẹ̀tàn sílẹ̀ láti òfurufú, wọ́n bo ẹnu èéfín ẹ́ńjìnnì, wọ́n sì ń fò ní òru.

Àwọn kan ní abẹ́rẹ́ yìí ni ó lé Sófíẹ́tì lọ. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀ pátápátá. Kí ó tó dé ni Gorbachev ti ń wá ọ̀nà àbáyọ, nítorí ìjọba Kabul kò rí ọkàn àwọn ará abúlé gbà. Hẹlikópítà lè gba òkè kan ní òwúrọ̀, ṣùgbọ́n kò lè sùn níbẹ̀. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, onílẹ̀ a padà. Ní ọjọ́ 15 oṣù Fẹ́búárì 1989 ni èyí tí ó kẹ́yìn nínú ọmọ ogun náà jáde. Abẹ́rẹ́ pẹ̀lú kò sì mú àlàáfíà wá, nítorí àwọn ará Afghanístàn yí ìbọn sí ara wọn lẹ́yìn náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ìjọba Nàìjíríà ra Mi-35, tí í ṣe àbúrò Mi-24, lọ́wọ́ Rọ́ṣíà, ó sì fi bá Boko Haram jà. Ní ọjọ́ kejì oṣù Jánúárì 2019, ọ̀kan nínú wọn já ní Damasak, ní ìpínlẹ̀ Borno, níbi tí ó ti lọ ran àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn márùn-ún tí ó wà nínú rẹ̀ kú. Ọmọ ènìyàn ni wọ́n, wọn kì í ṣe irin.

A kò wí pé kí ìjọba má ra ohun ìjà, nítorí a kì í fi ọwọ́ lásán lé olè. Ohun tí a ń wí ni pé ríra kọ́ ni òpin ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú gbogbo, nígbà tí ẹnikẹ́ni bá dìde láti fi ọkọ̀ ogun tuntun yangàn níwájú yín, ẹ yìn ín bí ó bá yẹ, ṣùgbọ́n ẹ bi í ní ìbéèrè kan: bí hẹlikópítà bá lé ọ̀tá kúrò ní abúlé lónìí, ta ni yóò ṣí ilé ẹ̀kọ́ abúlé náà lọ́la?