Iṣan ẹsẹ̀ tó wú: Ìtọ́jú wo ló wà fún àwọn ará Kétu àti agbègbè rẹ̀?

Lọ́jọ́ ọjà ní Kétu, obìnrin tó ń ta àgbàdo, tòmátì tàbí gàrí lè wà lórí ìdúró láti ìdájí títí di ìrọ̀lẹ́. Bó bá fi máa délé, ẹsẹ̀ á ti wú, á wúwo, á sì máa yún un. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, iṣan tó lọ́ bí ejò á yọ sí ẹ̀yìn ojúgun. Àwọn kan á ní ọjọ́ orí ni, àwọn mìíràn á ní ó fẹsẹ̀ tẹ oògùn. Àwọn tó ń sọ Faransé ń pè é ní varices, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ń gbé e kiri láìmọ̀ pé ó ní ìtọ́jú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tó ń fà á. Ọkàn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tó ń padà bọ̀ gbọ́dọ̀ gun òkè. Ẹran tó wà lẹ́yìn ojúgun ló ń fún un sókè nígbà tí a bá ń rìn, àwọn ìlẹ̀kùn kéékèèké tó wà nínú iṣan sì ń tì kó má baà ṣàn padà. Bí ìlẹ̀kùn wọ̀nyí kò bá pa dé dáadáa mọ́, ẹ̀jẹ̀ á máa wọ́ jọ sísàlẹ̀, iṣan á fẹ̀, á sì wú síta. Oyún, ọjọ́ orí, ara sísanra àti ìdúró pípẹ́ wà lára ohun tó ń dá a sílẹ̀, ó sì máa ń rìn nínú ẹbí. Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá ní i, kó tètè máa ṣọ́ ẹsẹ̀ tirẹ̀.

Oríṣi kan wà tó tín-ín-rín, tó tàn ká bí òwú aláǹtakùn lábẹ́ awọ. Ìyẹn kì í tó mílímítà 1 ní fífẹ̀, ẹwà ló sábà máa ń bà jẹ́ ju ìlera lọ. Èyí tó bá fẹ̀ tó mílímítà 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló yẹ kí dókítà wò.

Ẹ má fi abẹ kàn án

Ohun tó ń dẹ́rù bà wá jù ni gbẹ́rẹ́ tí àwọn kan ń sín sórí iṣan náà kí “ẹ̀jẹ̀ dúdú” lè jáde. Ìwé ìṣègùn Íjíbítì tí wọ́n ń pè ní Ebers, tó ti wà láti nǹkan bí ọdún 1550 ṣáájú ìbí Kristi, ti kìlọ̀ pé kí wọ́n má ṣe gé irú iṣan bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ pọ̀, ó sì lè dà débi tí ẹ̀mí á fi bọ́. Bó bá ṣèèṣì bẹ́, kí ẹni náà dùbúlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè ju àyà lọ, kí ẹ fi aṣọ tó mọ́ tẹ ojú ibẹ̀ mọ́lẹ̀ gbọn-in gbọn-in láìṣí i wò léraléra, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn. Kó má dìde dúró, nítorí ìdúró ló ń mú ẹ̀jẹ̀ náà yára.

Ìtọ́jú tó kéré jù ni rírìn déédéé, gbígbé ẹsẹ̀ sókè lálẹ́, àti ìbọ̀sẹ̀ tó ń fún ẹsẹ̀, èyí tí àwọn ilé oògùn Benin ń pè ní bas de contention. Àárọ̀ ni wọ́n ń wọ̀ ọ́, kí ẹsẹ̀ tó wú. A kò ní tàn yín: wíwọ̀ ọ́ nínú oòrùn oṣù kẹta kò rọrùn rárá. Ó ń dín ìrora àti wíwú kù, ṣùgbọ́n kì í mú iṣan náà kúrò. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ kì í dé ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa, kò gbọ́dọ̀ kàn rà á wọ̀. Kí dókítà kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò, torí ìbọ̀sẹ̀ náà lè ṣe é léṣe.

Èyí tó ń mú iṣan náà kúrò pín sí mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni kí wọ́n ti okùn tín-ín-rín bọ inú iṣan, kí wọ́n fi iná laser tàbí ti rédíò jó o pa látinú. Èkejì ni abẹ́rẹ́ oògùn, tí wọ́n lè pò bí ìfófòó, tó ń mú kí ògiri iṣan lẹ̀ pọ̀. Òun náà ni wọ́n sábà máa ń lò fún èyí tó rí bí òwú aláǹtakùn. Ẹ̀kẹta ni iṣẹ́ abẹ àtijọ́, níbi tí wọ́n ti ń fa iṣan náà yọ. Àjọ NICE tó ń ṣètò ìlànà ìtọ́jú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta báyìí lọ́dún 2013, ó sì ní ìbọ̀sẹ̀ nìkan wà fún ẹni tí ìyókù kò bá bá lára mu. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ laser kì í ṣe ohun tí èèyàn ń bá pàdé nílé ìwòsàn kékeré. Lójú tiwa, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré iṣẹ́ abẹ àtijọ́ yẹn: ó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ìbéèrè tí àwọn èèyàn sábà máa ń béèrè ni pé, bí wọ́n bá yọ iṣan náà, ibo ni ẹ̀jẹ̀ máa gbà? Àwọn iṣan tó wà nísàlẹ̀ inú ẹran ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀. Èyí tó ti bà jẹ́ kò wúlò mọ́. Òótọ́ ni pé òmíràn lè yọ lẹ́yìn ọdún mélòó kan.

Egbò tí kò jiná

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù nìyí. Bí iṣan bá ti wú pẹ́, awọ tó wà nítòsí ọrùn ẹsẹ̀ á dúdú, á le, egbò á sì là síbẹ̀, pàápàá lápá inú. Àwọn kan á máa fi ewé àti ìpara tọ́jú rẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí èèyàn 450, tí àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2018, fi hàn pé àwọn tí wọ́n tètè tọ́jú iṣan wọn, tí wọ́n sì tún di ẹsẹ̀ wọn, jiná láàárín nǹkan bí ọjọ́ 56, nígbà tó gba àwọn tí wọ́n fi ìtọ́jú iṣan tiwọn falẹ̀ ní ọjọ́ 82.

Ṣùgbọ́n ní agbègbè Plateau, kì í ṣe gbogbo egbò ẹsẹ̀ ló ti inú iṣan wá. Àrùn Buruli wà níbẹ̀, kòkòrò àìfojúrí ló ń fà á. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ bí kókó tàbí wíwú tí kì í dunni, ó sì ń mú ọmọdé púpọ̀, nígbà tí egbò iṣan jẹ́ ti àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wú tipẹ́. Oògùn ni wọ́n fi ń wo Buruli, rifampicin àti clarithromycin fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ìbọ̀sẹ̀ kò lè wò ó. Pobè ní ilé ìtọ́jú tó wà fún ẹ̀tẹ̀ àti Buruli, nítorí náà ará Kétu tó ní egbò tí kò jiná kò ní láti dé Cotonou kó tó mọ irú èyí tó ń bá jà.

Bó bá jẹ́ iṣan ni, ilé ìwòsàn ńlá CNHU Hubert Koutoukou Maga wà ní Cotonou, ó ju 100 kìlómítà lọ sí Kétu. Kí ẹ tó wọkọ̀, ẹ bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n ń fi ẹ̀rọ Doppler wo iṣan, iye tí àyẹ̀wò yẹn jẹ́, àti irú ìtọ́jú tí wọ́n ní. Aláboyún lè dúró ná, torí iṣan tó yọ nígbà oyún sábà máa ń rọ̀ láàárín oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìbímọ. Ẹni tí kò gbọ́dọ̀ dúró ni ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣoṣo ṣàdédé wú, tó gbóná, tó sì ń dùn ún, pàápàá bí èémí rẹ̀ bá ń há. Ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló dì sínú iṣan ìsàlẹ̀, ọjọ́ yẹn gan-an ló yẹ kó dé ọ̀dọ̀ dókítà.